Ìjì Oòrùn àti GPS Tó Ń Ṣìnà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àwọn tí ò ráyè wá sí sẹ́mínà lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n kọ ohun tí mo sọ síbí.

Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Fráìdé, May 10, 2024, wọ́n ń gbin àgbàdo lọ́wọ́. GPS ló ń darí katakata wọn, ìlà tó bá fà kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ju ìbú ìka méjì lọ, àfi bí ẹ̀rọ ò ṣe mọ ibi tó wà mọ́, àwọn kan páàkì katakata sínú oko, wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ òjò ò ní dúró dè wọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Láti bíi May 8 ni ibì kan lójú oòrùn ti ń bú gbàù léraléra, tó ń tu afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún iná mànàmáná àti agbára òòfà sọ́dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo ìṣẹ́jú 8 kó tó dé bí, èyí lè lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ìgbà tó kọlu òòfà ilẹ̀ ayé, ìjì náà wọ G5, ìyẹn ìpele tó ga jù tí wọ́n fi ń díwọ̀n irú ìjì yìí, ó ti tó 2003 tí irú ẹ̀ ti jà kẹ́yìn.

Ẹ wá wò ó, sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200, signal ẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ wa kó má gba inú ionosphere, ìyẹn ibi tí oòrùn ti ń já electron kúrò lára átọ́ọ̀mù, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́ omi kọjá. Àkókò ni GPS ń kà: tí signal bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, àṣìṣe mítà 300 nìyẹn! Fóònù yín ti ń fojú díwọ̀n bó ṣe máa pẹ́ tó, ṣùgbọ́n tí ìjì bá jà, omi yẹn á kún níbì kan, á fà níbòmíì, ìdíwọ̀n ò bá a mu mọ́.

Ọ̀dọ̀ tiwa ló ká mi lára jù. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, electron pọ̀ lórí wa kódà láìsí ìjì. Tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní nǹkan bíi March àti October, ihò á máa lu nínú ionosphere, signal á máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ẹ̀yin surveyor mọ̀ ọ́n: fix (ìgbà tí ibi tí ẹ̀rọ wà dá a lójú gan-an) á di float (ìgbà tó kàn ń fojú bù ú) lójú yín. Ìjì kan náà lè mú ihò yẹn pọ̀ sí i, ó sì lè pa á rẹ́, ó dọwọ́ àsìkò tó bá dé.

Bàbá kan bi mí pé kí làwọn máa wá ṣe. Mo ní ẹ tètè jáde, ẹ wọn òpó ààlà kí oòrùn tó wọ̀, ẹ yẹ Kp wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyẹn nọ́ńbà láti 0 dé 9 tó ń sọ bí ìjì ṣe ń da òòfà ayé láàmú tó, tó bá ti ń sún mọ́ 9, ẹ sún iṣẹ́ síwájú.