Ta Ni Wọ́n Ń Béèrè Ẹ̀rí Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará mi nílé lóko, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú irin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ lónìí, n kò pe àlejò kankan. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán kí n tó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń di ara ìlú ni. Àwọn olóṣèlú ìlú Ọba níbí fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé gbogbo wa la jọ ni ìlú, oríṣiríṣi ẹ̀yà sì lẹwà ìlú náà. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mọ ẹni tí ìlú kan gbà ní tirẹ̀ lóòótọ́, n kì í wo àsíá, n kì í sì í wo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tí mo máa ń wò ni pé ta ni wọ́n ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan, ta ló sì gbọ́dọ̀ dúró ṣàlàyé ara rẹ̀ kó tó wọkọ̀, kó tó gba ilé, kó tó rí dókítà?

Bí ẹ bá gba ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kọjá, ère kan wà níbẹ̀, ìrántí àwọn ará Caribbean tó bá ọkọ̀ Windrush àti àwọn ọkọ̀ mìíràn wá síbí. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Basil Watson, oníṣẹ́ ọnà ọmọ bíbí Jàmáíkà, ló ṣe é. Ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ọmọdé kan ni, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń gun orí àwọn àpótí ìrìnnà tí wọ́n tò léra bí òkìtì. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Èrò á máa sáré kọjá lọ, èmi á dúró, nítorí aṣọ yẹn ni. Ẹni tó bá wọ aṣọ ọjọ́ Àìkú rìnrìn àjò kì í ṣe ẹni tó ń yọ́ wọlé. Ó mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń retí òun lòun ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lábẹ́ òfin. Oṣù Kẹfà 1948 ni ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury, àwọn ará Caribbean tó lé ní 800 sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin ṣe òfin tó so ará ìlú Ọba àti ará àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí gbogbo wọn jọ ń jẹ́ ọmọ ìlú kan náà. Àwa náà wà níbẹ̀ o, torí pé Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin yìí ní kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó ti fìdí kalẹ̀ síbí máa gbé lọ láìsí gbèdéke. Ẹ̀tọ́ yẹn dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ síbì kan.

Bí ogójì ọdún kọjá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n san owó orí, wọ́n tọ́mọ. Lọ́dún 2012 ni Theresa May, tó jẹ́ mínísítà abẹ́lé nígbà náà, wá sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ kí ayé le koko mọ́ ẹni tí kò níwèé. Òfin 2014 àti 2016 tẹ̀lé e. Wọ́n sọ onílé, bánkì, agbanisíṣẹ́ àti ọsibítù di aṣọ́bodè. Ìbéèrè tí a ń bá pàdé ní pápákọ̀ òfurufú tẹ́lẹ̀ wá wọ àárín ìlú, ó gbàjókòó sí ẹnu ọ̀nà gbogbo.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí àwọn àgbàlagbà yìí mú ìwé wá fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti gbé níbí. Ọdún kọ̀ọ̀kan! Ta ló tọ́jú ìwé owó oṣù ti 1978? Káàdì tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ìbá jẹ́rìí ọjọ́ tí wọ́n dé, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fúnra rẹ̀ ti bà á jẹ́ lọ́dún 2010.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan, nítorí pé tí a bá ń ka èèyàn bí ẹní ka owó, a kì í rí ojú wọn mọ́. Paulette Wilson wá láti Jàmáíkà lọ́dún 1968, ọmọdé ni nígbà náà. Ó dàgbà síbí, ó bímọ síbí. Ó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ alásè nílé oúnjẹ inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìyẹn ni pé àwọn tó ń ṣòfin ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n tì í mọ́ àtìmọ́lé Yarl's Wood, wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Jàmáíkà, ilẹ̀ tí kò tíì padà tẹ̀ láti kékeré. Aṣòfin àdúgbò rẹ̀ àti àjọ aláàánú kan ló dá sí i tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Ó kú ní oṣù Keje 2020. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí obìnrin yẹn, n kò sì fẹ́ kí ìbínú náà tán.

Ìjọba tọrọ àforíjì lọ́dún 2018, wọ́n sì dá ètò owó gbà-má-bìínú sílẹ̀ lọ́dún 2019, èyí tí wọ́n ń pè ní Windrush Compensation Scheme. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ètò yẹn kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ará Caribbean nìkan. Ọmọ Nàìjíríà tó ti fìdí kalẹ̀ síbí kó tó di 1973 wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wá láti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí kí ọdún 1988 tó parí, tó sì ń gbé níbí lábẹ́ òfin, lè béèrè tí wọ́n bá ti fìyà ìwé jẹ ẹ́. Wọn kì í gbowó láti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ níbí, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tí wọn ò tọ́jú rẹ̀ nítorí ìwé, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a kọ ọ́.

Màmá kan wà nínú ìjọ wa. Ó ti gba páásípọ́ọ̀tì ìlú Ọba tipẹ́tipẹ́. Ó ṣe ìdánwò wọn, ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45. Ó búra níwájú àwòrán Ọbabìnrin nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ yàrá rẹ̀, àpò ńlá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwé iná, ìwé council tax, ìwé owó oṣù, lẹ́tà ọsibítù, ó kó wọn jọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ó fi rọ́bà dì wọ́n. Rọ́bà àwọn ti àtijọ́ ti gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ ìwé. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ti dọmọ ìlú, kí lẹ tún ń tọ́jú gbogbo èyí fún?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa béèrè."

Mi ò rí nǹkan fèsì. Páásípọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ wọn, ọkàn wọn ṣì wà lórí ìlà. Kò sí òfin tó lè yọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí pé òfin ló gbìn ín. Nísinsìnyí, káàdì ìgbélùú (BRP) tí a ń mú dání tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé láti òpin ọdún 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí àwa tó ń fi físà gbé wà. Bí o bá fẹ́ gba ilé, o gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà kan jáde kí onílé lè yẹ̀ ọ́ wò. Tí fóònù bá kú, tàbí tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa ńkọ́?

Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀rí o. Ní ìlú Bristol lọ́dún 1963, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn dúdú, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà wọ́n ní kọndọ́kítọ̀ tàbí dírẹ́bà. Èrò ni kí o jẹ́, má wulẹ̀ fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀. Guy Bailey, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wáṣẹ́, ti gba àkókò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Jàmáíkà ni, wọ́n fagi lé e. Paul Stephenson, òṣìṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Bristol, àtàwọn yòókù ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ilé iṣẹ́ náà gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìlú Ọba ní òfin àkọ́kọ́ tó dá ẹ̀tanú ẹ̀yà lẹ́kun ní ibi tí gbogbo èèyàn ń wọ̀.

Tanni Grey-Thompson ńkọ́? Òyìnbó ni, ọmọ ilẹ̀ Wales, ìlú kò lè béèrè ibi tó ti wá lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ ló ń lò, góòlù 11 ló gbà ní ìdíje Paralympics, ó sì jókòó nílé aṣòfin àgbà. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ dé King's Cross lálẹ́, gbogbo èrò bọ́ọ́lẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbé pákó àtẹ̀gùn wá kò yọjú. Ó dúró títí, ó ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìdí wọ́ jáde nínú ọkọ̀. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú pé òun máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí, kó tún máa gbàdúrà pé kí wọ́n rántí. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni mo ń sọ.

Ó dáa. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká wo ilé.

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú wọn jọjọ: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ìgbòho, àwọn oníṣòwò tó ní ìsọ̀ ní Kumasi àti Tamale. Àwọn kan nínú wọn, Gáánà ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n padà sí ìlú tí àwọn ọmọ wọn ò mọ̀ rí.

Ó yẹ kí a ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ lọ́dún 1975, a sì ti fọwọ́ sí àdéhùn 1979 tó fún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ìjọba ní àwọn tó kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́ làwọn ń lé. Ó tó bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gáánà tó gba ọ̀nà Benin àti Togo lọ, tíṣà wà nínú wọn, télọ̀ wà nínú wọn. Àpò onílà pupa àti búlúù tí wọ́n fi kẹ́rù, a ṣì ń gbé e títí dòní.

A kò sì tíì dẹ́kun ìbéèrè yẹn láàárín ara wa. Òfin 1999 tí a ń lò ní Nàìjíríà sọ ní abala 42 pé a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ọmọ ìlú nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ìwé òfin kan náà, ní abala 147, ní kí mínísítà tí wọ́n bá yàn láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí Kánò, ó fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n á ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìlú tí kò sùn rí. Ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó ń fi òwe sọ̀rọ̀ bí àgbà, àwa náà là ń béèrè tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkó ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n lé àwọn olùdìbò kan kúrò níbi ìdìbò nítorí pé wọ́n ní ojú wọn jọ ti Igbo. Àwa tí a ń pariwo nípa Windrush ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń gbọ́ èyí, ọ̀pọ̀ wa sì panu mọ́. Mo tiẹ̀ gbọ́ àwọn tó ń dá a láre lórí WhatsApp, àwọn tó ń fi nọ́ńbà gba ilé níbí.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ibi tí èèyàn ń gbé, tó ti ń sanwó orí, tó ti ń tọ́mọ, máa fún un ní ẹ̀tọ́ ibẹ̀, yálà ní Wolverhampton ni o, yálà ní Kánò tàbí Ìbàdàn. Kí wọ́n yọ ìlà "ìpínlẹ̀ ìbílẹ̀" kúrò nínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi "ibi tí ò ń gbé" síbẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé wọ́n á gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ará Gáánà náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa wa ní 1969.

Kí n tó kúrò lórí afẹ́fẹ́, mo ń tọrọ nǹkan kan. Àwọn tó padà dé láti Gáánà lọ́dún yẹn ti ń di arúgbó, àwọn tó jẹ́ ọmọdé nínú wọn pàápàá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún tàbí kí wọ́n ti kọjá rẹ̀. Bí ẹ bá ní bàbá, màmá, tàbí ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn, ẹ gbé fóònù sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kó, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti aládùúgbò ọmọ Gáánà tó bá wọn tọ́jú nǹkan pamọ́, bó bá wà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kó wọn jọ fún ètò kan lódindi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ Gáánà tí wọ́n lé ní Èkó lọ́dún 1983 náà sọ tiwọn nínú ètò kan náà.