Ọmọ Tí Wọn Ò Kọ́kọ́ Pè

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16:6-13, 17:34-37

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ méje ni Jésè kọ́kọ́ mú kọjá níwájú Sámúẹ́lì. Dáfídì kò sí nínú wọn. Ẹ̀yìn àgùntàn ló wà. Ìpele méje náà ni àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù ńlá ti Amẹ́ríkà, fi ṣa agbábọ́ọ̀lù tuntun lóṣù Kẹrin ọdún 1994. Wọ́n mú 222, kò sì sẹ́ni tó pe Kurt Warner. (Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá o, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, quarterback sì ni ẹni tó ń jù ú. Iṣẹ́ Warner nìyẹn.)

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, Green Bay Packers, ṣáà ní kó wá gbìyànjú lọ́dọ̀ àwọn. Ibí yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń fò. Lọ́jọ́ kan, kóòṣì ní kó bọ́ sójú pápá. Ó kọ̀. Kò tíì mọ àwọn ètò eré inú ìwé ẹgbẹ́ náà, ẹ̀rù sì ń bà á. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Kì í ṣe ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ló ṣe é. Wọ́n pè é, kò tíì múra ni.

Ó wá ń to ọjà sórí pẹpẹ lóru ní súpámákẹ́ẹ̀tì Hy-Vee, ní Cedar Falls, dọ́là 5.50 ní wákàtí kan. Lọ́dún 1995 ó dara pọ̀ mọ́ Iowa Barnstormers, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù abẹ́ òrùlé. Pápá wọn kò ju yáàdì 50 lọ, ènìyàn mẹ́jọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀, wọ́n ti gbé ọ ṣánlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ bí ojú ṣe ń yára rí àyè, tí ọwọ́ sì ń yára jù ú síbẹ̀. Ní 1998 ó tún gbá fún Amsterdam Admirals ní Yúróòpù. Kìnnìún àti béárì tirẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù Kẹjọ 1999, iṣan orúnkún Trent Green já, quarterback tó yẹ kó ṣáájú ẹgbẹ́ NFL kan, St. Louis Rams. Wọ́n pe Warner, tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti múra. Ìgbà 41 ni ìjù rẹ̀ di touchdown, ìyẹn àmì ayò ńlá, ní sáà yẹn. Ní Super Bowl, àṣekágbá NFL, yáàdì 414 ni ìjù rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù síwájú, wọ́n sì na Tennessee Titans 23 sí 16.

Ògo náà ṣá díẹ̀. Ní 2003, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà nínú eré kan ṣoṣo, ipò sì bọ́. Nínú ẹgbẹ́ Arizona Cardinals ló ti wá ń wọ ìbọ̀wọ́ kí bọ́ọ̀lù má baà máa yọ̀, ó sì mú ẹgbẹ́ náà dé Super Bowl àkọ́kọ́ wọn.

Ó fẹ̀yìn tì lóṣù Kìíní 2010. Lọ́dún yẹn kan náà ó wọ ìdíje ijó orí tẹlifíṣọ̀n, Dancing with the Stars. Bóyá ó yẹ onígbàgbọ́ àbí kò yẹ, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 39, tó ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ lẹ́ẹ̀mejì, ló ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ Anna Trebunskaya, tí wọ́n ń fún un ní máàkì lójú gbogbo ayé. Ipò karùn-ún ló ṣe.

Ìwé wo ni ìwọ kò tíì mọ̀? Ìdánwò tí ò ń sún síwájú? Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá ọ tẹ̀ ẹ́? Fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ tí O jí wa.

Níbi tí wọ́n ti ka orúkọ tí tiwa kò jáde, má jẹ́ ká ka ara wa sí ẹni ìkọ̀sílẹ̀.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní okun, má jẹ́ kí òógùn wọn ṣòfò.

Olúwa, ẹni tó wà níwájú wa, má jẹ́ ká máa fi àdúrà ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ kí àyè lè ṣí fún wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká bọ́ sójú pápá, má jẹ́ ká wí pé a ò tíì kàwé.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.