Ta Ló Mú Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀. Ẹ má gé e síbi tí kò yẹ o.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára ni, kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́, ti irọ́ ni. Ní 1961, William McGuire, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá fi irọ́ tí kò lágbára tọ́ èèyàn lẹ́nu wò, tí a sì já a níṣojú rẹ̀, irọ́ ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní tètè rí i mú. Kí ló fi dán an wò? Ìfọyín! Pé ó dára kéèyàn máa fọyín lẹ́yìn oúnjẹ. Ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ wá ohun tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn lé lórí. Ta ló máa bá yín jà nítorí orín ní Kétu, àfi tẹ́ ẹ bá jí tiẹ̀?

Àwọn tó tẹ̀ lé e wá gbé e kúrò lórí eyín, ó di orí ìṣèlú. Ní 2022, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cambridge àti Google gbé fídíò kéékèèké sórí YouTube láti tú àṣírí ọgbọ́n òpùrọ́. Àwọn tó wò ó fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 dá ọgbọ́n yẹn mọ̀ ju àwọn tí kò wò ó. Mi ò kẹ́gàn márùn-ún, èrè ni lọ́jà. Ẹni tó ń polówó rẹ̀ bí oògùn gbogboǹṣe ló ń bí mi nínú.

Irú wọn ló ń sọ pé àwọn tó kọ abẹ́rẹ́ yìí kò lajú. Wọ́n lajú, wọ́n sì ń rántí. Ní 2018, ìjọba wa bu owó orí lé WhatsApp àti Facebook, fáráǹ 5 lórí mẹ́gà kan. Ariwo ta, wọ́n mú un kúrò. Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin ayélujára dé, akọ̀ròyìn sì ti torí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Ní 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò gan-an, íntánẹ́ẹ̀tì kú. Ẹ̀yin tí ojú yín ti rí gbogbo èyí, tí ẹnì kan bá wá ní kẹ́ ẹ na apá, òun fẹ́ dáàbò bò yín lọ́wọ́ irọ́ ńkọ́? Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.

Ẹ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà wa lọ́hùn-ún, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yìí. Inú ìlú ni aṣọ́bodè ń gbé. Nígbà tí Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, òun àti onílé ni wọ́n jọ jẹ̀yà. Ta nínú àwọn oní-Google ló máa bá wa jẹ nínú tiwa?

Mo fẹ́ bọ́ sórí bí rédíò ṣe lè bá wa gbógun ti irọ́ nígbà tí ìyá kan nawọ́. “Ọmọ mi, tí wọ́n bá kọ́ mi kí n máa fura sí gbogbo ohun tó bá wọ fóònù mi, tí nọ́ọ̀sì bá wá fi òótọ́ ránṣẹ́ ńkọ́?”

Mo ká ìwé mi sápò. Ibi tó ń dunni gan-an nìyẹn. Ní 2023, olùwádìí méjì ní Yunifásítì Southampton tún àyẹ̀wò ṣe lórí irú eré kọ̀ǹpútà bíi Bad News, tó ń kọ́ èèyàn láti mọ irọ́. Wọ́n rí i pé ìfura ló pọ̀ sí i: àwọn tó ta á ń pe irọ́ nírọ́, wọ́n sì ń pe òótọ́ náà nírọ́.

“Ẹ ò wò wá sàn nìyẹn,” ni ìyá wí, “ẹ kàn dá kún un.”

Alága ti ń wo aago. Ti rédíò kò gùn: ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni kó máa sọ ọ́, lédè wa, kó sì padà wá bó bá ṣì í sọ. Ti ilé ìwé, ó dìgbà mìíràn.

Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ìyá yẹn tún béèrè ẹni tó san owó ọkọ̀ mi wá. Mo ní èmi fúnra mi ni.

Ó ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá.