Ọfà Méjì Tó Da Tẹlifóònù AT&T Rú

Ẹ fojú inú wo àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní message sequence chart. Ìlà mẹ́ta ló dúró gbọọrọ nínú rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó ń darí ìpè láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọfà àárín wọn ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn, àkókò sì ń lọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹnjiníà tẹlifóònù ti ń yà á. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, tiẹ̀ ṣe ìlànà rẹ̀, Z.120.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn ò kàn ka kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjọ́ Ajé, January 15, 1990, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rọ AT&T (iléeṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan níbẹ̀) kan ní New York ṣe àìsàn díẹ̀. Ó ní kí àwọn ẹ̀rọ yòókù má tíì gbé ìpè wá, ó kú, ó tún jí, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 6 lọ. Kò kéde pé òun ti dé o. Ìpè ló kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́.

Ibí gan-an ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ọfà àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kejì, ìyẹn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé New York ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì kọ ọ́ tán tí ọfà kejì fi dé, nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá péré sí i. Sọ́fítíwíà tuntun tí wọ́n gbé sí i ní December 1989 ní àléébù: «break» kan, àṣẹ tó ń mú kóòdù fò jáde, wà níbi tí kò yẹ nínú kóòdù tí wọ́n fi èdè C kọ. Bí ọfà kejì ṣe ba àkọsílẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kejì náà kú, ó jí, òun náà wá ń ta ọfà wéréwéré sí àwọn míì. Ó ràn dé ẹ̀rọ 114, ó sì tó wákàtí 9 kí wọ́n tó kápá ẹ̀. Ohun tó mú un rọlẹ̀ ni pé wọ́n dín iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ ń rán síra wọn kù.

Ká ní ọfà kejì falẹ̀ díẹ̀ ni, kò sí wàhálà. Kóòdù ò sì lè sọ ìgbà tí iṣẹ́ máa dé fún yín.

Àmọ́ àwòrán náà lè parọ́. Bí aago àwọn ẹ̀rọ kò bá bára mu, ẹ ó rí ọfà tó dé kí wọ́n tó ta á! Bí ẹ bá sì ní kí ẹ̀rọ máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, kíkọ yẹn lè fa ìdádúró díẹ̀, àṣìṣe sì lè fara pa mọ́. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀? Ẹ ṣí Wireshark, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá hàn, ẹ lọ sí Telephony, VoIP Calls (ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì), ẹ mú ìpè kan, kẹ́ ẹ tẹ Flow Sequence. Àkókò wà lápá òsì. Bí ẹ bá rí INVITE (iṣẹ́ tí fóònù fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpè) méjì tí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá là wọ́n láàárín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdáhùn ló pẹ́, tí fóònù fi tún un rán. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tètè dáhùn yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.