Ìwé Ìran: Ohun Tí Mo Rí Lábẹ́ Láńtà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n fún mi níṣẹ́ nínú ilé àdúrà: kí n máa gbé láńtà fún ìyá tó ń kọ ìran tí àwọn aríran bá rí sínú ìwé.

Bí ìsọ́ òru bá ti wọra, tùràrí á ti gba gbogbo ilé, sìmẹ́ńtì á ti tutù mọ́ wa lẹ́sẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọlé. Bí Ẹ̀mí bá bà lé aríran, tó ń gbọ̀n, tó ń ké hòsánà, èmi àti ìyá la máa sáré lọ síbẹ̀. Ìyá á lóṣòó, wọ́n á gbé ìwé lé orúnkún, wọ́n á ti ẹnu pẹ́ńsù bọ ẹnu kó lè dúdú. Orúkọ aríran, orúkọ ẹni tó nìran, ọjọ́, aago. Aríran kì í dúró de akọ̀wé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí nǹkan ń ha bébà, òórùn kẹrosín ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ariwo àti àtẹ́wọ́ ni ìjọ aládùúrà, pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó ni ti ọ̀mọ̀wé. Irọ́ ni! Àwọn tó ń kọ ohun tí Ọlọ́run bá wọn sọ sílẹ̀, tòun ti aago, ṣé púrúǹtù nìyẹn? Ẹ wo Ògèrè ní Rẹ́mọ. Tíṣà C.M.S., ìyẹn àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ni Josiah Oṣítẹ̀lú kó tó dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní 1930. Láti 1925 ló ti ń kọ ìran rẹ̀, ìwé lórí ìwé, ó tún ní álífábẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ tó sọ pé Ẹ̀mí ló fi han òun. 1925 yẹn náà ni ti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n àti Mósè Orímọládé, àwọn tó dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹ mọ ìyẹn, mi ò ní tún un sọ. Ìwé ni mò ń wí. Ìwé ni! Ibẹ̀ lẹ ti máa rí aláboyún tó ń gbààwẹ̀, bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún tí ìgbóná ń kó ọmọ lọ. Ikán ń jẹ àwọn ìwé yẹn lórí àjà. Ẹ kó wọn lọ sí ilé ìpamọ́-ìwé.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló kù, àkókò sì ti lọ. Ẹni tó bá ní ojúbọ òrìṣà la ti kó bàtà bíbọ́ wá, kó ka Ẹ́kísódù 3:5.

Ibẹ̀ ni mo bá ọ̀rọ̀ mi dé nígbà tí màmá kan láàárín àwọn tó ń gbọ́ mi nawọ́ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Tíṣà, orúkọ tèmi wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àṣírí ilé ọkọ mi wà níbẹ̀. Ta ló ní kí ẹ gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ kà?"

Mo ní kí a bo orúkọ títí àwọn tó ni ín tàbí ọmọ wọn á fi yọ̀ǹda. Ìdáhùn yẹn kò tó, mo sì mọ̀, torí nǹkan kan wà tí mi ò sọ síta rí.

Lóru ọjọ́ kan, aríran kan pe orúkọ ìyá àgbà kan, ó ní àjẹ́ ni, òun ló ń pa ọmọ aya ọmọ rẹ̀. Ilé àdúrà pa lọ́lọ́. Mo na láńtà sórí ìwé. Pẹ́ńsù ò lọ. Ìyá akọ̀wé wò mí, wọ́n ní, "Gbé iná yẹn sẹ́yìn díẹ̀."

Nígbà tí mo dá a padà, ohun tó wà lójú ìwé nìyí: "Kí gbogbo ilé gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Sáàmù 133." Wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n kọ aago méjì àbọ̀, wọ́n pa ìwé dé.