Ṣé fọ́tò aírísì yìí dáa? Ẹ jẹ́ á jọ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú ìjókòó. Aírísì, ìyẹn òrùka tó yí ọmọlójú ká, tí ẹ̀rọ fi ń dá èèyàn mọ̀ tá a bá ti ya fọ́tò ẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀, la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ẹ wo méjì yìí, ojú èèyàn kan náà ni o, ó sì gbà kí n lò ó: fóònù ni mo fi ya ti òsì, dúdú lásán lẹ ń rí, àmọ́ kámẹ́rà infrared, èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, ló ya ti ọ̀tún, gbogbo fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ló yọ síta.

Ó yá, fọ́tò àkọ́kọ́. Mo fa ìlà láti àárín dé etí aírísì, píkísẹ́ẹ̀lì 64 ni (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò), èmi kì í gba ohun tó bá dín sí 80, ẹni yìí jìnnà jù, ẹ ní kó sún mọ́ kámẹ́rà.

Èkejì ló máa ń tan èèyàn jẹ. Tẹ́ ẹ bá wò ó báyìí ẹ máa ní ó mọ́ kedere, àbí? Ẹ súùmù wọlé. Irun ìpéǹpéjú ló mọ́, ẹ lè kà á níkọ̀ọ̀kan, aírísì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wá rí bàìbàì, fókọ́ọ̀sì ti bọ́ sórí irun nìyẹn. Ẹ tún wo iná kámẹ́rà tó tàn sínú ọmọlójú, ó yẹ kó rí róbótó, tó bá fà gbọọrọ bí ìlà, ẹni náà mira.

Ẹ̀kẹta, yàrá ṣókùnkùn, ìbú ọmọlójú ti tó 75 nínú 100 ìbú aírísì. ISO/IEC 29794-6, ìlànà àgbáyé lórí bí fọ́tò aírísì ṣe dáa sí, ní kó wà láàárín 20 sí 70, torí tó bá fẹ̀ jù, á fún àwọn fọ́nrán yẹn pọ̀. Ẹ tan gílóòbù, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ tún un yà.

Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mí jù, mi ò ní fi fọ́tò wọn hàn. Màmá àgbà kan ni, ìpéǹpéjú wọn ti wálẹ̀, ẹni tó forúkọ wọn sílẹ̀ ò bìkítà, ó gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọkọ̀ wá tí ẹ̀rọ ń ní òun ò mọ̀ wọ́n, torí fọ́tò burúkú yẹn la ṣì ń fi wé ojú wọn. Aírísì tó hàn gbọ́dọ̀ tó 70 nínú 100, tiwọn ò tó ìdajì. Torí ẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ wo fọ́tò kí ẹni náà tó dìde lórí àga. Mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka gbé e sókè díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ iná yẹn." Mo tún un yà, mo ní kí wọ́n wá gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ̀rọ dá wọn mọ̀.