Ebè Tó Mọ́ Jù

ÀKÀNNÍ: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Àkànní nìyí, Ìyá Ìbejì sì ti jókòó sápá ibí. Ẹ kú ìjókòó, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: O ṣé, Àkànní. Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa.

ÀKÀNNÍ: Òtútù ti dé lóòótọ́. Ìrì dídì kan ṣoṣo ló bọ́ sórí tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ewé rẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ hú gbogbo rẹ̀ dànù, kí n ro ebè náà, kí n gbá a mọ́ tónítóní.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Tó o bá gbá a mọ́ tán, kí lo máa fi bò ó?

ÀKÀNNÍ: Bò ó kẹ̀? Kí ilẹ̀ sinmi ni mo fẹ́. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé nìyẹn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Nílé, tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ á gbẹ, ọyẹ́ á dé, kò sómi tó máa wọ́ nǹkan kan lọ. Níbí ńkọ́? Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, òjò wẹliwẹli ṣáá ni. Oòrùn ò lágbára tó máa fà á gbẹ, kò sì sí gbòǹgbò nínú ilẹ̀ tó máa mu ún. Náítírójìn tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, omi yẹn ló máa bá lọ sísàlẹ̀. Tó bá di oṣù kẹrin, wàá máa fowó ra ajílẹ̀ tó o ti ní lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀.

ÀKÀNNÍ: Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa kì í bo ilẹ̀, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ta ló sọ fún ẹ? Bàbá mi, tó bá gbin iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko gbígbẹ ló máa fi dé orí ebè kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn má bàa se ohun tó wà nínú rẹ̀. Oòrùn ni wọ́n ń bo ilẹ̀ fún lọ́hùn-ún. Òjò la ń bò ó fún níbí.

ÀKÀNNÍ: Mo gbà. Kí ni kí n fi bò ó wá?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kọ́ńpóòsì, ìyẹn ewé àti pàǹtírí oko tó ti jẹrà di ilẹ̀, ló dáa jù, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Orí ilẹ̀ ni kó o tẹ́ ẹ sí, má wulẹ̀ rò ó pọ̀, ekòló á fà á wọlé fúnra wọn. Charles Dowding, ọkùnrin tó ń dáko ní Somerset, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kò pọn dandan kéèyàn máa tú ilẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn àgbà tó wà ní allotment wa, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ń pín yá èèyàn láti fi dáko, kì í gbọ́ ìyẹn sétí. Wọ́n ní amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yìí, àfi kéèyàn fi ṣọ́bìrì yí i lódindi, kí ìrì dídì wá fọ́ ọ. Kì í ṣe irọ́, omi inú amọ̀ máa ń wú tó bá dì, ó sì ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ ẹ̀yìn mi ò lè ṣe ìyẹn mọ́, ìrísí ilẹ̀ mi sì ti dáa sí i látìgbà tí mo ti jáwọ́.

ÀKÀNNÍ: Ebè mi jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 1.2 ní fífẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Lítà 180 nìyẹn. Àpò onílítà 50, ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́rin.

ÀKÀNNÍ: Áà! Fún ebè kan?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra ti gbogbo oko. Páálí ńkọ́? Lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó téèpù ara rẹ̀ kúrò, rin ín lómi, fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tàbí kó o gbin rye, koríko ni, ó ṣì lè hù ní ìparí oṣù kẹwàá. Gbòǹgbò rẹ̀ á gba ilẹ̀ dúró títí ìgbà òtútù á fi kọjá. Tó o bá wá gé e tó o sì rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ní sùúrù bí oṣù kan kó o tó fọ́n irúgbìn wẹ́wẹ́ síbẹ̀, torí rye kì í jẹ́ kí wọ́n hù dáadáa.

ÀKÀNNÍ: Ewé tó ń já sílẹ̀ ládùúgbò wa náà pọ̀ o.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kó o. Ṣùgbọ́n ti igi plane tó kún ìgboro Lọ́ńdọ̀nù le, kì í tètè jẹrà. Fi ẹ̀rọ tó ń gé koríko gé e wẹ́wẹ́, rọ ọ́ sínú àpò tó o ti lu, jẹ́ kó tutù. Ọdún kan sí méjì, ó ti di ilẹ̀dú.

ÀKÀNNÍ: Aládùúgbò mi kan fẹ́ fún mi ní ìgbẹ́ ẹṣin, tìrẹ́là kan gbáko.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Bi í léèrè koríko tí ẹṣin náà jẹ. Oògùn apa-èpò kan wà tí wọ́n ń fín sí pápá, aminopyralid. Ẹṣin á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ á wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tòmátò àti ẹ̀wà tó bá kàn án, ewé wọn á ká kokoko. Ní 2008, ọ̀pọ̀ oko bàjẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba dá títà rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Ó ti padà sọ́jà.

ÀKÀNNÍ: Ẹ̀rù bà mí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Po díẹ̀ mọ́ kọ́ńpóòsì nínú ìkòkò, gbin ẹ̀wà broad bean sí i, kó o gbin òmíràn sínú kọ́ńpóòsì lásán. Tí ewé ìkòkò kìíní bá lọ́, sọ fún aládùúgbò ẹ pé o ṣé, o ò gbà á.

ÀKÀNNÍ: Ṣé a lè gbin nǹkan jíjẹ báyìí?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Aáyù! Oṣù kẹwàá sí kọkànlá. Òtútù gan-an ló ń mú kó pín sí awẹ́. Tí ò bá rí òtútù tó, orí kan ṣoṣo ló máa hù jáde bí àlùbọ́sà. Broad bean tí wọ́n ń pè ní Aquadulce náà, oṣù kọkànlá. Tó o bá ti ní ẹ̀fọ́ kale nílẹ̀, tìẹ ni láti bá ẹyẹlé jà, ra àwọ̀n.

ÀKÀNNÍ: Ọ̀dùnkún tí mi ò tíì wú tán?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Wú gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn wẹ́wẹ́. Àrùn blight máa ń sá pamọ́ sínú èyí tó bá kù nínú ilẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wà, gé e nídìí, fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó kú yẹn náà, kó o tó dà á sórí ààtàn, gbọn orí rẹ̀ sínú bébà. Èso dúdú tó máa já sílẹ̀ á tó gbogbo àdúgbò yín lọ́dún tó ń bọ̀.

ÀKÀNNÍ: Ó ku ata rodo. Ìkòkò mẹ́rin ló wà níta, èso ṣì wà lórí wọn.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Àkànní, níta títí di báyìí? Gbé wọn wọlé lónìí. Ata kì í kú lọ́dún kan tí ò bá rí ìrì dídì. Ká èso, gé ẹ̀ka rẹ̀ sẹ́yìn, yẹ abẹ́ ewé wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, fi sójú fèrèsé tó lóoru, máa bomi rin ín díẹ̀díẹ̀.

ÀKÀNNÍ: Ìyàwó mi ní ilé òun kì í ṣe oko. Ó ní kí n yan ọ̀kan, òun tàbí ata.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Bi í léèrè ata tó fi se ọbẹ̀ àná.